Láti Ahéré di Ilé: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Tí A Lè Gbà Kọ́ Ilé Kékeré Olówó Pọ́ọ́kú Sí Ilẹ̀ Oko

Láti ìgbà tí àwọn baba wa ti ń dá oko etílé àti oko egàn ni ahéré ti wà, ilé pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí àgbẹ̀ ń sá sí bí òjò bá ṣú, tí ó ń kó ọkọ́ àti àdá rẹ̀ pamọ́ sí, tí ó sì ń sùn sí ní àkókò ìkórè kí ó má baà máa fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ̀nà ní àràárọ̀ àti ní alaalẹ́. Lóde òní, tí owó ilé ní ìlú ńlá ti ga ju ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, tí ẹni tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba sì ń wo ilẹ̀ baba rẹ̀ ní abúlé gẹ́gẹ́ bí ibi ìsinmi, ìbéèrè tí ó ń jáde ní ẹnu tọmọdé tàgbà ni pé: bí ahéré tàbí àtíbàbà kan bá ti wà lórí ilẹ̀ oko, kí ni a ó fi sọ ọ́ di ilé tí ènìyàn lè máa gbé tọ̀sán tòru, láìjẹ́ pé a ta ilẹ̀ náà kí a tó rí owó kọ́ ọ?

Ilé tí a ń sọ níhìn-ín kò ju iyàrá kan tàbí méjì pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, tí òòró rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ, tí ìbú rẹ̀ kò sì ju 12 lọ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ilé náà kéré tó, àwọn tí ń dáni nímọ̀ràn nípa rẹ̀ kò kéré, kò sì sí ibi tí a kì í dáná alẹ́, ọbẹ̀ ló dùn ju ara wọn lọ. Èrò tèmi, tí n kò ní fi pamọ́, ni pé àríyànjiyàn lórí ohun tí a ó fi mọ ògiri ti gba àyè tí ó yẹ kí ìpìlẹ̀, òrùlé àti ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ gbà. Síbẹ̀, ẹjọ́ ẹnìkan kò ṣeé dá, nítorí náà kí á kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu oníkálukú.

Àwọn tí ó ní amọ̀ ni kí á dì mú

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn lọ́jọ́ lórí jù lọ ni àwọn tí ó ní amọ̀ tó. Àlàyé wọn kò ṣòro. Ilẹ̀, ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, tí ó ń bọ́ wa tí ó sì ń gbé wa, ni ó tún ń fún wa ní ògiri: a ó gbẹ́ ìyẹ̀pẹ̀ pupa lẹ́bàá ibi tí ilé yóò dúró sí, a ó bomi rin ín, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fà, a ó fi í sílẹ̀ kí ó mu omi rẹ̀ tán, lẹ́yìn náà a ó sì máa mọ ọ́n ní ìpele ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan tó bí ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ ní gíga, tí a ó jẹ́ kí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn gbẹ ẹ́ kí a tó gbé òmíràn lé e. Ìpele mẹ́rin tàbí márùn-ún a máa mú ilé kékeré dé ọrùn. Nítorí pé ògiri náà nípọn, ooru ọ̀sán kì í tètè là á kọjá. Nígbà tí ooru bá fi máa dé inú iyàrá, oòrùn ti wọ̀, atẹ́gùn alẹ́ sì ti ń fẹ́. Kò sí owó ọkọ̀ nínú ìnáwó rẹ̀, kò sí owó sìmẹ́ńtì, bẹ́ẹ̀ ni ilé náà, bí ó bá tilẹ̀ wó lọ́jọ́ kan, yóò padà di ilẹ̀ tí a lè gbin nǹkan sí.

Ohun tí àwọn alátìlẹ́yìn amọ̀ kì í sábà ṣírò dáadáa ni ọwọ́ ènìyàn. Àáró, tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ ara wọn ní àyípo, àti ọ̀wẹ̀, tí ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé fi ń pe ará àti àna pẹ̀lú iyán àti ẹmu, ni ó mú kí ilé amọ̀ rọrùn fún àwọn baba wa. Nísinsìnyí tí àwọn ọ̀dọ́ ti wọ ìlú lọ, tí àwọn tí ó mọ bí a ti ń mọ ògiri kí ó má ṣe wọ́ sì ń dínkù lọ́dọọdún, owó ojúmọ́ ni a ó fi pe òṣìṣẹ́. Amọ̀ fúnra rẹ̀ kò wọ́n. Ènìyàn ni ó wọ́n. Ẹni tí ó bá fi ilé amọ̀ wé ilé mìíràn láìka owó ojúmọ́ yìí mọ́ ọn kò tíì fi wé nǹkan kan.

Ọwọ́ ènìyàn tí ó wọ́n yìí ni ọ̀tá amọ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀tá kejì ni omi, tí ó sì ní ẹnu mẹ́ta. Èkíní ni òjò tí ó ń gba orí òrùlé wọlé. Èkejì ni ọ̀sọ̀rọ̀, tí ó ń ta sí ẹsẹ̀ ògiri tí ó sì ń gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kẹta, tí ojú kì í tètè rí, ni ọ̀rinrin tí ògiri ń fà mu láti inú ilẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí bá fi la ògiri, ikán àti eku yóò tẹ̀lé e, nítorí bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ní àwọn oògùn rẹ̀: ìpìlẹ̀ òkúta tàbí yangí tí ó yọ sókè ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan ó kéré tán, etí òrùlé tí ó nà jáde ní ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta, àti amọ̀ tí a po mọ́ ìgbẹ́ màlúù tàbí mọ́ omi tí a fi èèpo èso igi igbá sè, tí a ó máa fi rẹ́ ojú ògiri lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Sìmẹ́ńtì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré fi rẹ́ ògiri amọ̀ kì í sábà ṣe é lóore. Amọ̀ a máa wú bí ó bá mu omi, a sì máa sún kì bí ó bá gbẹ. Sìmẹ́ńtì kì í bá a ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà yóò là, omi yóò gba ojú ibi tí ó là wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́, títí èèpo náà yóò fi ṣí kúrò tòun ti awọ ògiri.

Ọ̀tá kẹta ni ojú tí ayé fi ń wo ilé amọ̀. Hassan Fathy, ọ̀gá nínú ìmọ̀ ilé yíyà ní Íjíbítì, fi bíríkì amọ̀ kọ́ ìlú tuntun kan tí wọ́n ń pè ní New Gourna láàárín ọdún 1945 sí 1948, iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń yìn títí di òní. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará abúlé tí a kọ́ ọ fún kọ̀ láti kó wọ̀ ọ́. Ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ju ọ̀kan lọ, kì í sì í ṣe amọ̀ nìkan, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pé ilé tí olùwòran yìn kò ní kí onílé má kọ̀ ọ́.

Àwọn tí ó ń fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ ti amọ̀ lẹ́yìn

Láàárín amọ̀ àti sìmẹ́ńtì ni àwọn kan dúró sí. Ní àárín àwọn ọdún 1950, ní Bogotá, olú ìlú Kòlóḿbíà, ni ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ ti jáde, èyí tí wọ́n sọ ní CINVA-Ram. Ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lè máa fi í tẹ ìyẹ̀pẹ̀ tútù tí a po mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀ di bíríkì líle. Láti ìgbà náà ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti tàn káàkiri, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tí ń ṣe ìwádìí lórí ilé àti ọ̀nà, NBRRI, tí ó ní ibi ìwádìí ní Ọ̀tà, sì ti ṣe tirẹ̀ tí bíríkì inú rẹ̀ ń wọ ara wọn lẹ́nu. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń lò kì í sábà ju ìdá márùn-ún sí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tí ó bá sì rò pé irú ohun èlò yìí kò lè yọrí sí ilé tí ojú kún, kí ó lọ wo ilé àwọn àlùfáà Kátólíìkì ẹgbẹ́ Dominican ní Ìbàdàn, tí Demas Nwoko, ayàwòrán ilé, kọ́ ní àwọn ọdún 1970. Yangí tí ó po mọ́ sìmẹ́ńtì wà lára ohun tí a mọ iṣẹ́ Nwoko mọ́, iṣẹ́ náà ni wọ́n sì fi fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ní Venice ní ọdún 2023.

Àǹfààní rẹ̀ hàn gbangba: ó tutù ju búlọ́ọ̀kù lọ díẹ̀, kò jẹ sìmẹ́ńtì púpọ̀, òjò kì í sì í tètè fọ̀ ọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni ó gbà á. Ilẹ̀ tí amọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù yóò là bí ó bá gbẹ. Èyí tí yanrìn inú rẹ̀ pọ̀ jù kò ní di ara rẹ̀ mú. Àwọn onímọ̀ ní kí á bu ìyẹ̀pẹ̀ náà sínú ìgò, kí á da omi sí i, kí á gbọ̀n ọ́n, kí á sì gbé e kalẹ̀: yanrìn yóò kọ́kọ́ rọ̀ sí ìsàlẹ̀, amọ̀ yóò gbẹ̀yìn, ojú yóò sì rí ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan. A tún gbọ́dọ̀ fi bíríkì náà sí abẹ́ ibòji, kí á máa wọ́n ọn lómi fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí a tó lò ó, sùúrù tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kánjú kọ́lé kò ní. Lójú tèmi, ọ̀nà yìí yẹ ìdílé márùn-ún tàbí mẹ́wàá tí yóò jùmọ̀ yá ẹ̀rọ kan. Fún ẹnìkan ṣoṣo tí ó fẹ́ kọ́ iyàrá kan, owó ẹ̀rọ náà lè jẹ gbogbo èrè tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn onígbàgbọ́ búlọ́ọ̀kù

Ní ọdún 1960 ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ẹwékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láàárín ìgbà kan náà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ń dá ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Ilọ̀rà, ní Àkùfọ̀ àti ní ibòmíràn, tí ó sì ń kọ́ ilé fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ kí wọ́n dúró sí oko. Èrò ìgbà náà ni pé ilé tí ó dára ni yóò dá ọ̀dọ́ dúró. Àtakò tí ó sì dìde sí ètò náà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni pé owó tí a ná lórí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ilé rẹ̀ kún un, pọ̀ ju ohun tí oko lè san padà lọ. Ìjà ọjọ́ náà kò tíì tán.

Ẹni tí ó bá gba ti búlọ́ọ̀kù gbọ́ ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Kò sí abúlé tí kò ní bíríkìlà tí ó mọ̀ ọ́n tò; ikán kì í jẹ ẹ́; ènìyàn sì lè máa rà á díẹ̀díẹ̀, ogún lónìí, ọgbọ̀n lóṣù tí ń bọ̀, títí yóò fi pé, èyí tí ó jẹ́ pé bí àjọ ni ó rí fún ẹni tí owó kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ilé kékeré, búlọ́ọ̀kù onínǹṣì mẹ́fà tó, kò di dandan kí á lo onínǹṣì mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o: búlọ́ọ̀kù tí àwọn kan ń mọ tà, tí wọ́n ti fi yanrìn rọ́pò sìmẹ́ńtì, ènìyàn lè fi ìka ọwọ́ ha á. Ọ̀nà oko kì í jẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù wọlé nígbà òjò, nítorí náà owó gbígbé lè sún mọ́ owó ọjà fúnra rẹ̀. Ooru inú rẹ̀ náà kì í ṣe kékeré bí a bá fi páànù lásán bò ó. Èyí tí ó dùn mí jù lọ ni àwọn ògiri tí ó dúró káàkiri ẹ̀bá ọ̀nà oko wa láìní òrùlé lórí, tí koríko ti hù nínú iyàrá wọn, nítorí pé owó tán nígbà tí ilé dé ọrùn. Ìbá ṣe pé àwọn tí ó mọ wọ́n fi ìdajì owó náà kọ́ ilé amọ̀ onípìlẹ̀ òkúta, wọn ìbá ti máa sùn nínú rẹ̀.

Igi, pákó àti ọparun

Ní Amẹ́ríkà, ibi tí igi ti pọ̀, àtíbàbà onípákó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ilé kékeré wọn, ìtàn rẹ̀ sì ti pẹ́. Henry David Thoreau, òǹkọ̀wé ará Concord ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ra ahéré òṣìṣẹ́ rélùwéè kan, ọmọ Írẹ́lándì, ní dọ́là 4 àti sẹ́ńtì 25 ní ọdún 1845. Ó tú u palẹ̀, ó sá pákó rẹ̀ sóòrùn, ó sì fi kọ́ ilé tirẹ̀ lẹ́bàá adágún Walden, ilé tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10 tí ó sì gùn ní 15. Gbogbo owó tí ó ná jẹ́ dọ́là 28 àti sẹ́ńtì 12½. Àwọn tí ń fi í ṣe àwòkọ́ṣe kì í sábà rántí pé ilẹ̀ tí ó kọ́ ọ sí kì í ṣe tirẹ̀, ti Emerson ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, kò sì ju ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ lọ tí ó fi gbé ibẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní orílẹ̀-èdè náà lónìí, òfin kì í béèrè ìwé àṣẹ fún àtíbàbà ìkẹ́rùsí tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 200 níbùú lóròó lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ènìyàn bá tẹ́ ibùsùn sínú rẹ̀, ó ti di ilé gbígbé, òfin mìíràn sì dé bá a. Àwọn tí ó kọ òfin àpẹẹrẹ fún ilé gbígbé níbẹ̀ fi àfikún kan sí i ní ọdún 2018 fún ilé tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 400 níbùú lóròó lọ, èyí tí ìlú kọ̀ọ̀kan lè gbà tàbí kí ó kọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ẹ̀gùn etí omi ti fi hàn pé ilé onípákó lórí òpó lè gba ìdílé. Omi sì ni ó kọ́ wọn ní ọgbọ́n tí ará oko kò kọ́, èyíinì ni pé kí ilẹ̀ ilé má ṣe kan ilẹ̀. Ilé onípákó a máa yá, ènìyàn méjì lè parí rẹ̀ kí oṣù tó kú, ó sì ṣeé tú gbé lọ. Àmọ́ ikán ni baálẹ̀ oko. Ìrókò olúwéré, apá àti ayín a máa bá ikán jà fún ọjọ́ pípẹ́, owó wọn ni kò ṣeé sún mọ́. Arère àti afárá tí owó wọn rọ̀, oúnjẹ ikán ni wọ́n jẹ́ bí a kò bá fi oògùn sí wọn, tí a kò sì gbé ẹsẹ̀ òpó wọn lé orí òkúta tàbí kọnkéré. Ọparun rọ̀ lówó jù gbogbo wọn lọ, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n adùn inú rẹ̀ ni kòkòrò ń wá. Ẹni tí kò bá gé e ní ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí ó ti gbó, kí ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, eruku ni yóò fi jẹ. Iná ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn ọdẹ àti darandaran ń dá kò sì mọ pákó yàtọ̀ sí koríko.

Kọ̀ǹténà

Àwọn kan ń ra kọ̀ǹténà ọkọ̀ òkun tí ó ti ṣiṣẹ́ tán, ẹsẹ̀ bàtà 20 ní gígùn àti 8 ní fífẹ̀. Olè kò lè tètè wọ̀ ọ́, ìjì kò sì lè gbé e. Ṣùgbọ́n irin tí oòrùn ń pa di ààrò, wúwo rẹ̀ ju tọ́ọ̀nù méjì lọ, ọkọ̀ tí yóò sì gbé e dé ẹ̀bá oko tí kò ní ọ̀nà kò wọ́pọ̀. Ó dára fún ìkẹ́rùsí. Fún oorun ènìyàn, n kò rí ìdí tí ẹni tí ó ní ilẹ̀ àti amọ̀ yóò fi yàn án.

Ìjà orí òrùlé

Bí ògiri ti pín àwọn ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni òrùlé náà pín wọn. Koríko bẹẹrẹ ni ará ọ̀dàn fi ń bo ilé, débi pé gbígbé e wá fún Aláàfin ní Ọ̀yọ́ di ọdún pàtàkì. Ewé gbòdógì àti imọ̀ ọ̀pẹ ni ti ará igbó. Gbogbo wọn tutù, gbogbo wọn sì ń jóná, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í pẹ́ kí á tó tún wọn bò. Páànù a máa pẹ́, omi tí ó bá sì dà sílẹ̀ láti orí rẹ̀ ṣeé gbè sínú àgbá fún mímu, ohun tí kò kéré níbi tí odò jìnnà sí. Ṣùgbọ́n ó ń gbóná, ìjì tí ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ sì ń ká a bí a kò bá dè é mọ́ ògiri dáadáa. Àárín ni àwọn tí mo gbà pé wọ́n gbọ́n jù dúró sí: páànù lókè, àjà ọparun tàbí ẹní lábẹ́ rẹ̀, àti àlàfo tí atẹ́gùn ń gbà láàárín àwọn méjèèjì.

Ohun kan wà tí ìjà yìí máa ń mú gbàgbé. Ẹni tí àtíbàbà rẹ̀ ti dúró tẹ́lẹ̀ ní ohun tí ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ kò ní. Bí òpó rẹ̀ bá ṣì yè, kò yẹ kí ó wó o. Kí ó fi òkúta sí ẹsẹ̀ òpó, kí ó fẹ etí òrùlé, lẹ́yìn náà kí ó wá mọ ògiri sí abẹ́ ibòji náà. Òpó ni yóò gbé òrùlé, ògiri kò ní gbé ju ara rẹ̀ lọ, òjò kò sì ní bá amọ̀ tútù. Nípa báyìí, ògiri tí ó rọ̀ lówó jù lọ ti tó, a sì lè pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú láìfọwọ́ kan òrùlé.

Ilẹ̀ ta ni?

Àwọn ìwé tí ń kọ́ni ní ilé kíkọ́ kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láti ibí, bẹ́ẹ̀ ni ibí ni ilé púpọ̀ ti ń wó. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí a fi kọ́lé ń sọ̀rọ̀. Àlejò tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè dá oko iṣu àti àgbàdo, ó sì lè kọ́ ahéré, kò sẹ́ni tí yóò bi í. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbin igi owó bíi kòkó tàbí obì láìgba àṣẹ, onílẹ̀ yóò ní ó fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Búlọ́ọ̀kù dàbí kòkó lójú onílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí a yá ilẹ̀ tí ó sì fi sìmẹ́ńtì kọ́ ilé lè fi owó ra ẹjọ́, nígbà tí ilé amọ̀ tàbí ilé onípákó kan náà ì bá fi í sílẹ̀ ní àlàáfíà.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 kò tú okùn yìí. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, ó sì gba ìjọba ìbílẹ̀ láàyè láti fúnni ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro. Ó jẹ́ kí ẹni tí ń dáko tẹ́lẹ̀ máa bá a lọ, ṣùgbọ́n ó ní a kò gbọdọ̀ pín irú ilẹ̀ oko bẹ́ẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì, kí a sì máa tà á. Bẹ́ẹ̀ ni títa rẹ̀ ń lọ lójoojúmọ́ lẹ́yìn gbogbo ìlú ńlá wa. Àwọn kan ní ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹbí, tí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé fọwọ́ sí, ti tó fún ilé kékeré. Àwọn agbẹjọ́rò ní kí á lọ gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn èkíní ń ṣọ́ owó wa, àwọn èkejì ń ṣọ́ ọjọ́ iwájú wa, n kò sì lè sọ pé ọ̀kan nínú wọn jẹ̀bi.

Ohun tí kò tíì yanjú

Nípa ìlera, àwọn tí ń ta ilé ìgbàlódé máa ń sọ pé òrùlé páànù àti ògiri tí kò lanu yóò lé ibà lọ. Ní orílẹ̀-èdè Gáńbíà, ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2009 fi hàn pé àwọ̀n ẹ̀fọn tí a kàn mọ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, pẹ̀lú etí òrùlé tí a dí, dín ẹ̀fọn kù nínú ilé, ó sì dín àìtó ẹ̀jẹ̀ kù lára àwọn ọmọdé. Ìwádìí mìíràn ní orílẹ̀-èdè kan náà, tí ó jáde ní 2021, tún ilé ṣe tòun ti páànù àti àwọ̀n, kò sì rí i pé ibà dínkù ju ti àwọn ilé yòókù lọ, níbi tí gbogbo wọn ti ní àwọ̀n ibùsùn. Bóyá àwọ̀n ibùsùn ti ṣe iṣẹ́ náà tán ni, tàbí àwọn ọmọ kò tíì wọlé nígbà tí ẹ̀fọn jẹ wọ́n, àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò.

Nípa owó, a kò tíì rí ìṣirò tí gbogbo ẹgbẹ́ gbà nípa ilé amọ̀ àti ilé búlọ́ọ̀kù fún ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n, tí owó ojúmọ́ alámọ̀, àtúnrẹ́ ògiri, owó ọkọ̀ sìmẹ́ńtì àti ọdún tí ilé fi dúró láìní òrùlé yóò wà nínú rẹ̀. Olúkúlùkù ń ka èyí tí ó dùn mọ́ ọn.

Nípa ilẹ̀, ìbéèrè tí ó le jù ni ti ilé tí ó wà láàárín: iyàrá kan tí ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òkúta, tí a da kọnkéré sí ilẹ̀ rẹ̀ kí ikán má baà wọlé. Onílẹ̀ kan yóò pè é ní ahéré, kò sì ní sọ̀rọ̀. Onílẹ̀ kejì yóò wo kọnkéré náà, yóò ní àlejò ti fi ìdí múlẹ̀. Àwọn ìdílé onílẹ̀ kò fẹnu kò lórí ibi tí ahéré ti parí tí ilé ti bẹ̀rẹ̀, òfin 1978 kò sì fa ìlà kankan sí i.